Akẹ́kọ̀ọ́ méjì dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀, oko náà di òwò ńlá: Ìtàn géèmù Counter-Strike

Ẹni tó bá ti gba ilẹ̀ dáko rí ní ìgbèríko wa mọ àdéhùn tó máa ń wà láàrin onílẹ̀ àti àlejò. Wọ́n á ní kó gbin ẹ̀gẹ́, kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀fọ́, kó sì máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò sì gbọdọ̀ gbin obì, nítorí pé ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, tó bá yá, yóò ní òun lòun ni ilẹ̀ náà. Irú àdéhùn yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì kan, ọ̀kan ní Kánádà, èkejì ní Amẹ́ríkà, bá pàdé ní 1999, nígbà tí wọ́n ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Counter-Strike. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí, síbẹ̀ géèmù náà ṣì wà lára àwọn tí èèyàn pọ̀ nídìí wọn jù lọ lágbàáyé. Àwọn tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti kọjá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ rí. Àmọ́ kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì ló ni ín mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé la gbé wá sí ojú ewé òwò o. Ẹni tó ń tajà lórí Facebook àti Instagram, ẹni tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó háyà, ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ ńlá kan ta ọjà lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wọn ń dáko sí. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ṣe tiwọn, ibi tí agbára wọn wà, àti ibi tí agbára náà pin sí, ó yẹ kí oníṣòwò kékeré gbọ́ ọ.

TA NI MINH LE?

Orílẹ̀-èdè Vietnam ni wọ́n bí Minh Le sí ní 1977, ṣùgbọ́n Kánádà ló dàgbà sí. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Simon Fraser, nítòsí ìlú Vancouver. Gooseman ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Counter-Strike kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti kọ́kọ́ lo géèmù Quake, tí ilé iṣẹ́ id Software ṣe, láti ṣe eré kan tó pè ní Navy SEALs. Lẹ́yìn náà ló bá wọn lọ́wọ́ sí òmíràn, Action Quake 2. Ibẹ̀ ló ti mọ Jess Cliffe, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì kì í gbé ìlú kan náà, wọn kò tilẹ̀ sí ní orílẹ̀-èdè kan náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń jíròrò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn.

Kí ọ̀rọ̀ tó kù tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn onígéèmù ń pè ní mod. Gbogbo géèmù ńlá ló ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó fò sókè padà wá sílẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ogún tó wà ní ìlú ogún máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí ìdádúró. Kíkọ ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń gba owó rẹpẹtẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ronú ìdánwò kò lè dá a dán wò. Mod ni kí èèyàn mú géèmù tó ti wà nílẹ̀, kó fi òfin tirẹ̀, àwòrán tirẹ̀ àti ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀, títí yóò fi di eré mìíràn pátápátá. Ó dà bí ẹni tó ra bọ́ọ̀sì danfo, tó yọ àga inú rẹ̀, tó wá sọ ọ́ di ọkọ̀ ìkó-búrẹ́dì. Òun kọ́ ló rọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n òwò tó ń fi í ṣe ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó rọ ọ́.

Géèmù tí Le àti Cliffe mú ni Half-Life, tí ilé iṣẹ́ Valve ní ìpínlẹ̀ Washington gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1998. Gabe Newell àti Mike Harrington, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Microsoft tẹ́lẹ̀, ló dá Valve sílẹ̀ ní 1996. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níbí yìí: Valve fúnra rẹ̀ kò rọ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Quake ni wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ id Software, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́nà tó pọ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn náà dáko sí. Àmọ́ wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó ki ọkọ́ bọlẹ̀, ìwé náà sì fún wọn láṣẹ láti ta ohun tí wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Àwọn láǹfààní láti gbin kòkó.

Nígbà tó wá kan àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Valve, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Valve ti fi Worldcraft, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, ògiri àti ojú pópó inú géèmù, sínú páálí Half-Life tí wọ́n ń tà. Ní 1999, wọ́n tún tú apá kan nínú kóòdù géèmù náà síta fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe mod. Ẹ má pè é ní ìtọrẹ àánú lásán. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ ṣeré lórí mod Half-Life tí kò ní kọ́kọ́ ra Half-Life fúnra rẹ̀. Bí mod bá dùn, Half-Life ló ń tà, Valve ló ń kówó. Àdéhùn náà kò sì lọ́jú pọ̀: ohun tí ẹ bá ṣe, ẹ lè pín in lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ ná. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nìyẹn.

Kì í ṣe pé Valve ń dábàá lásán. Wọ́n ti rí i pé irú rẹ̀ máa ń so. Ní 1996, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Australia, Robin Walker, John Cook àti Ian Caughley, ti ṣe mod kan lórí Quake tí wọ́n pè ní Team Fortress, níbi tí oníkálukú nínú ikọ̀ ti ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀: ẹnì kan ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ẹnì kan ń sáré gbé àsíá, ẹnì kan dúró lókèèrè pẹ̀lú ìbọn. Ní 1998, Valve gba Walker àti Cook síṣẹ́.

OWÓ INÚ ERÉ

Kí wá ni Le àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe tí èrò fi ya bò wọ́n? Ikọ̀ méjì ni eré náà pín èèyàn sí. Ọ̀kan jẹ́ agbésùnmọ̀mí, èkejì jẹ́ agbófinró. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta ní oṣù kẹfà ọdún 1999, iṣẹ́ agbófinró inú rẹ̀ ni láti gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀. Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin ni wọ́n fi ti bọ́ǹbù kún un: ikọ̀ kan fẹ́ gbé bọ́ǹbù kalẹ̀ kó bú gbàmù, èkejì fẹ́ tú u kó tó bú.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn ìgbà náà, bí wọ́n bá pa ọ́, kó tó di pé o mí kanlẹ̀, o ti jí. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń sáré bí ẹran tó já okùn. Ní Counter-Strike, ẹni tó bá kú ti kú títí abala yẹn yóò fi parí. Á jókòó, á máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù láàyè. Òfin kékeré yìí yí gbogbo ìwà padà. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jókòó wòran fún ìṣẹ́jú méjì kò ní dá sáré wọ inú ilé tó ṣókùnkùn. Á dúró de ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó ti kú sì ń rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́. Lójú tèmi o, òfin yìí so ikọ̀ pọ̀ ju kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí oníṣòwò máa ti rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, 800 dọ́là ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó inú eré ni o, kì í ṣe owó gidi. Kí abala kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ rajà. Ẹ̀wù ayẹta jẹ́ 650 dọ́là. Ìbọn tí wọ́n fi ń yìn láti òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní AWP, jẹ́ 4,750 dọ́là. Ẹni tó bá pa ọ̀tá, ó sáábà máa ń rí 300 dọ́là gbà. Ikọ̀ tó bá borí ń gba owó tó jọjú, ikọ̀ tó pàdánù náà ń rí nǹkan díẹ̀ gbà kó má baà run pátápátá. Kò sẹ́ni tó lè ní ju 16,000 dọ́là lọ lọ́wọ́. Bí o bá kú, ìbọn tí o rà ti lọ nìyẹn. Bí o bá yè, ìbọn rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ fún abala tó kàn.

Ẹ wo ohun tí èyí bí. Ikọ̀ tó ti pàdánù ní láti pinnu bóyá kí wọ́n ná gbogbo owó tó kù sórí ìbọn olówó pọ́ọ́kú, tàbí kí wọ́n fara mọ́ ìyà abala kan, kí wọ́n máa fi ìbọn ìléwọ́ jà, kí owó lè pọ̀ fún abala tó ń bọ̀. Ìpinnu yìí kò ṣeé dá ṣe. Bí ẹni mẹ́ta bá ra ìbọn ńlá, tí ẹni méjì ń fowó pamọ́, ikọ̀ náà kò tíì jà tán kó tó fọ́. Nítorí náà, wọ́n á fẹnu kò, bí àwọn tó ń dá àjọ ṣe ń fẹnu kò lórí ẹni tí yóò kó o lóṣù yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lè ra ìbọn méjì kó ju ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tí ọjà bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, tó wá ń rò ó bóyá kóun gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ eré yìí fún òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn rò pé ìbọn nìkan ni wọ́n ń yìn, ìṣirò okòwò ni wọ́n ń ṣe.

IṢẸ́ TÍ KÒ TÍÌ JINNÁ, TÍ WỌ́N TI Ń BÙ FÚN OÙNJẸ

Le ló ń kọ kóòdù, òun ló tún ń ṣe àwòrán ìbọn àti ti àwọn jagunjagun. Cliffe ló ń bójú tó ìkànnì, ó ń kéde, ó ń bá àwọn tó ń ṣeré sọ̀rọ̀, ohùn tirẹ̀ náà sì ni wọ́n ń gbọ́ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ bá pàṣẹ lórí rédíò inú eré. Ibi ìjà fúnra rẹ̀, ìyẹn ìlú àti ilé tí wọ́n ti ń jà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ràn eré náà ló kọ́ ọ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni Dust, ìlú aláwọ̀ iyanrìn kan. Dave Johnston, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Bìrìtìkó tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ló ṣe é ní 1999. Kò sí owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Wọn kò dúró kí iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tó gbé e jáde. Láàrin oṣù kẹfà ọdún 1999 sí oṣù kọkànlá ọdún 2000, léraléra ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà tuntun síta, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára pé ìtọ́wò ni, kò tíì parí. Bí ìbọn kan bá lágbára jù, tí àwọn èèyàn pariwo, ẹ̀dà tó ń bọ̀ á dín agbára rẹ̀ kù tàbí kó fi kún iye rẹ̀. Bí ibi ìjà kan bá ń ṣojúsàájú ikọ̀ kan, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Oníbúkà tó bá ń bu ọbẹ̀ fún oníbàárà mẹ́ta tọ́ wò kó tó gbé ìkòkò kalẹ̀ ń ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: ọ̀fẹ́ ni ti Le, nítorí náà, ẹni tí kò dùn mọ́ ń ṣàròyé, kò ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kò lè máa bu ọbẹ̀ tútù fún un lẹ́ẹ̀méje.

Ìnáwó wọn náà kéré. Kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti ń pàdé láti ṣeré, àwọn tó ń ṣeré fúnra wọn ló ń pèsè rẹ̀, torí Half-Life fàyè gba ẹnikẹ́ni láti sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ di ibùdó ìpàdé. Àwọn onílé kọ̀ǹpútà ní ìlú káàkiri ayé, tí wọ́n ń gba owó wákàtí lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ti rí èrè jẹ nídìí Counter-Strike kó tó di pé kọ́bọ̀ wọ àpò àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ti ní ṣọ́ọ̀bù géèmù bọ́ọ̀lù ládùúgbò rí mọ irú èrè bẹ́ẹ̀ dáadáa.

ỌJỌ́ TÍ ONÍLẸ̀ DÉ

Nígbà tó di 2000, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré akẹ́kọ̀ọ́. Valve wá sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀tọ́ orí Counter-Strike, orúkọ rẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gba Le àti Cliffe síṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé e jáde nínú páálí, wọ́n ń tà á. Ẹ̀gẹ́ di kòkó, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló di olóko.

Ibí ni mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀. Ká ní Le kọ̀ láti tà, kí ni yóò ṣe? Kóòdù rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí Half-Life. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ Valve. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó bá fẹ́ ra iṣẹ́ náà, orúkọ àti èrò nìkan ni yóò rí gbé lọ, yóò sì ní láti kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ọjà tó jẹ́ pé olùrà kan ṣoṣo ló lè lò ó bó ṣe wà, kò sí bí olùtajà ṣe máa gbówó lé e tó wù ú. Ìyẹn ni ibi tí agbára àwọn ọmọ náà pin sí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ṣófo. Ohun tí Valve ń rà kì í ṣe kóòdù. Àwọn tó mọ kóòdù pọ̀ ní Valve ju ti yunifásítì lọ. Èrò ni wọ́n ń rà, àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, àti ẹni tí àwọn èèyàn yẹn ń gbọ́ tirẹ̀. Le àti Cliffe ló mọ ohun tí àwọn tó ń ṣeré fẹ́, nítorí pé àwọn ló ti ń ka ẹ̀sùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba àwọn olóko mọ́ oko. Nígbà tí 2008 fi ń parí, páálí Counter-Strike tí wọ́n ti tà ní ṣọ́ọ̀bù ti tó mílíọ̀nù 4.2, ti Half-Life sì jẹ́ mílíọ̀nù 9.3. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ tó ra Half-Life, nítorí Counter-Strike ni wọ́n ṣe rà á.

Owó tó pọ̀ jù kò tíì dé nígbà náà. Ní 2003, Valve ṣí Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù. Wọ́n mú kí Counter-Strike tuntun máa gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tó sì di 2004 wọ́n ti ọ̀nà àtijọ́ pa. Ẹni tó fẹ́ máa ṣeré lọ ní láti wọ Steam, ó fẹ́, ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ ló bínú. Steam náà ló wá di ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tó tóbi jù lágbàáyé, tí wọ́n ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí géèmù ẹlòmíràn bá pa níbẹ̀; láti 2018 ni wọ́n ti ń dín in kù sí 25 fún géèmù tó bá pa ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ, àti sí 20 fún èyí tó bá kọjá mílíọ̀nù 50. Ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀dà àti àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe ìbọn inú Counter-Strike lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀ṣọ́ yìí kò fi kún agbára ìbọn rárá. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń rà á, wọ́n ń tà á fún ara wọn ní ọjà Steam, Valve sì ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n sọ eré náà fúnra rẹ̀ di ọ̀fẹ́ padà, bó ṣe wà ní 1999, torí kì í ṣe ibẹ̀ lówó wà mọ́.

Ohun kan wù mí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ yìí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ Valve nìkan ló ń ya á. Ẹnikẹ́ni lè ya tirẹ̀ kó fi ránṣẹ́, bí wọ́n bá mú un, ó ní ìpín nínú owó rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Valve kéde pé owó tí àwọn ti san fún irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ lórí Counter-Strike àti géèmù méjì mìíràn ti kọjá mílíọ̀nù 57 dọ́là, àwọn tó gbà á sì lé ní 1,500. Ní 1999, Dave Johnston kọ́ odindi ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ẹni tó kun ìbọn kan ń gba ìwé ìpín.

Ṣé Le wá ṣe àṣìṣe ni? Ó kúrò ní Valve nígbà tó yá, ó lọ ṣiṣẹ́ ní South Korea lórí géèmù ikọ̀ mìíràn, Tactical Intervention, tó jáde ní 2013. Kò rí ìdámẹ́wàá èrò tí ti àkọ́kọ́ rí. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 2024, ó ní inú òun dùn sí bí òun àti Valve ṣe parí rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tọ́jú eré náà. Mo gbà á gbọ́. Ní 2000, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ iye tí ọ̀dà ara ìbọn máa pa ní ọdún mẹ́tàlá sí i, Valve pàápàá kò mọ̀. Ọmọ ilé ìwé tó rí owó àti iṣẹ́ gbà lórí ohun tí kò láṣẹ láti tà fún ẹlòmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè ìrònú.

Gbogbo onílẹ̀ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mod tó bí géèmù Dota, orí Warcraft III ti ilé iṣẹ́ Blizzard ni wọ́n ṣe é sí ní 2003. Blizzard kò tètè ra àwọn tó ṣe é mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn, Steve Feak, lọ bá Riot Games, ibẹ̀ ni League of Legends ti jáde ní 2009. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní IceFrog, lọ bá Valve, wọ́n jọ ṣe Dota 2. Nígbà tí Blizzard yóò fi máa bá Valve fa ọ̀rọ̀ orúkọ náà, ilẹ̀ ti ṣú. Ní 2012 ni wọ́n yanjú rẹ̀, Valve ló mú orúkọ lọ. Nígbà tí Blizzard wá tún Warcraft III gbé jáde ní 2020, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe lórí rẹ̀, ti àwọn ni. Lẹ́yìn tí ẹṣin ti sá lọ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹṣin.

Nílé níbí, Abiola Olaniran, tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012. Orí fóònù Windows ti Microsoft ni ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, àwọn tó gba géèmù rẹ̀ sí fóònù wọn sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Nígbà tó di 2020, Microsoft ti pa ìtọ́jú fóònù Windows tì. Kò sí ẹjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè pè lórí ìyẹn. Onílẹ̀ ló ní òun kò dáko mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ní Yábàá tàbí ní Ìbàdàn, ní ilẹ̀ púpọ̀ láti yàn nínú rẹ̀, owó ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Unreal ti ilé iṣẹ́ Epic kì í gba nǹkan kan títí géèmù yóò fi pa mílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Unity, tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò jù, kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 pé àwọn máa gba owó lórí ìgbàkúùgbà tí èèyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn tó ti fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ figbe ta. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fi ipò sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fagi lé owó náà ní 2024.

Orúkọ tún wà níbẹ̀. Géèmù lè jẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ kò ní láti jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ wà ní Àbújá, ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sì ń gbé ọdún méje kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún mẹ́rìnlá. Aláṣọ, oníbúrẹ́dì àti onígéèmù, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ẹ́ńjìnnì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Godot, tí Juan Linietsky àti Ariel Manzur láti Argentina ṣe, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014. Kò sí ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ní kí èèyàn má gbìn. Ìwé àdéhùn rẹ̀ kò kún ojú ewé kan, èèyàn lè kà á tán kí gààrì tó rin lábọ́.